Ọdún Tí Lụa Kò Tètè Já Ewé

Lọ́jọ́ tí gbogbo abúlé Hạ Bãi ń já ewé igi píìṣì wọn, Lụa jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó ń mu tíì. Kò sẹ́ni tó gba orí òkìtì odò kọjá tí kò yíjú wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Wọn kì í fi ewé jíjá falẹ̀ lábúlé yẹn. Bí ewé bá ṣì wà lórí igi píìṣì, igi náà kò ní ronú àtirudi. Ìgbà tí wọ́n bá fi ọwọ́ já gbogbo ewé rẹ̀ kúrò, tó wá dúró níhòòhò nínú òtútù, ni yóò tó gbé òdòdó jáde. Ẹni tó bá yá ju, òdòdó rẹ̀ á ti rẹ̀ dànù kí Tết, ọdún tuntun wọn, tó dé. Ẹni tó bá pẹ́ ju, igi ìdáná ló máa gbé lọ sọ́jà, ta ni yóò sì fi igi ìdáná ṣe pálọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ lọ́jọ́ ọdún?

Lụa fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ Hạ Bãi. Abúlé tí wọ́n ti ń hun sílíkì ni Đạc ti gbé e níyàwó. Lọ́dún àkọ́kọ́, nígbà tó rí àwọn èèyàn tó ń bọ́ aṣọ lára igi tí nǹkan kan kò ṣe, ó rò pé inú ilé àwọn wèrè lòun wọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Đạc kò bínú. Ó gbé kẹ́tù omi lé e lọ́wọ́, ó ní kó máa tẹ̀ lé òun. Kẹ́tù yẹn ló gbé tẹ̀ lé e kiri oko títí Miên ọmọ wọn fi dàgbà. Nígbà tí òjò ọdún tí à ń sọ yìí ń rọ̀ lọ́wọ́, àìsàn dá Đạc dúbúlẹ̀, kò sì dìde mọ́.

Oko etí odò tí Đạc fi sílẹ̀, ti ẹbí ni. Ẹni tó bá ń dá oko náà ló gbọ́dọ̀ gbé igi píìṣì kan tó tanná dáadáa lọ sílé ìrántí àwọn baba ńlá láàárọ̀ ọjọ́ kìíní ọdún, níṣojú gbogbo ẹbí. Bí igi bá wà láìsí òdòdó, oko á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Đạc kò kùnà rí. Ó wá kan Lụa báyìí, Khoan àbúrò ọkọ rẹ̀ sì ti ń fojú wọn ilẹ̀ náà. Ọsàn wẹ́wẹ́ ló fẹ́ gbìn síbẹ̀, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Òun ló dá alùpùpù rẹ̀ dúró lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú oje igi lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé tíì lẹ fẹ́ gbé lọ fún àwọn baba ńlá wa lọ́dún yìí ni?"

"Wọ́n á mu ún, àbúrò mi. Tíì mi dùn."

Khoan rẹ́rìn-ín, ó gbéra. Lụa kò rẹ́rìn-ín.

Òtútù tó tètè dé ló kó gbogbo wọn láyà jẹ. Atẹ́gùn àríwá ti fẹ́ wọlé ṣáájú àsìkò rẹ̀, oníkálukú sì gbà pé ó ti dé nìyẹn, pé bí àwọn kò bá tètè já ewé, òtútù á pa ìrudi mọ́ra títí ọdún á fi kọjá. Ṣùgbọ́n Lụa ti ń fọ aṣọ Đạc létí oko yẹn láti ọjọ́ tó pẹ́. Nínú òtútù yìí, aṣọ tó sá láàárọ̀ ń gbẹ táútáú kó tó di ọ̀sán. Òtútù tó bá máa jókòó a máa mú òjò wínníwínní dání, aṣọ kì í sì í gbẹ nínú rẹ̀. Èyí ò mú nǹkan kan dání. Àlejò tí kò gbé ẹrù wá kò ní sùn, bẹ́ẹ̀ ni Lụa ṣe rò ó.

Síbẹ̀ ẹ̀rù bà á. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ dúró ti igi àgbà tó máa gbé lọ sílé ìrántí, èyí tí Đạc ti ń tẹ ẹ̀ka rẹ̀, tó ń dì í kó lè dúró dáadáa, láti ìgbà tí Lụa ti lóyún Miên. Oko àwọn aládùúgbò yí i ká níhòòhò. Ó di ẹ̀ka kan mú, ó já gbogbo ewé rẹ̀ dànù, ó sì tún na ọwọ́ sí èkejì. Miên ló dá a dúró.

"Màmá, ṣé apá kan lẹ fẹ́ bọ́ aṣọ lọ́rùn ẹ̀ ni? Ẹ bọ́ ọ tán, tàbí kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀."

Lụa fi í sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ará abúlé ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ewé pátápátá, òun àti Miên ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń já tiwọn, èékánná wọn dúdú, ìka wọn ń ta wọ́n. Àwọn kan ti ń káàánú opó náà. Àánú yẹn dùn ún ju èébú Khoan lọ.

Àlejò òtútù sì gbéra lóòótọ́. Ooru ọlọ́rinrin gba ojú òkun wọlé. Ilẹ̀ pálọ̀ ń làágùn, omi ń ṣàn lára ògiri, ìbọ̀sẹ̀ tí Miên sá kò gbẹ títí ó fi ń rùn. Kí ọjọ́ tí wọ́n gbà pé òrìṣà ààrò máa ń gun ẹja rẹ̀ lọ sọ́run lọ rojọ́ ọdún tó pé, ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú Tết, gbogbo oko Khoan ti tanná rẹ́kẹrẹ̀kẹ. Ó ta àwọ̀n dúdú bò ó, ó ń fa omi kànga tútù sí i nídìí, ó tiẹ̀ ń fi yìnyín kún un. Òdòdó ò gbọ́. Ó ń já bọ́ sínú ẹrọ̀fọ̀, ọdún kò sì tíì dé. Lụa dúró létí oko tirẹ̀, ó ń wò ó. Èmi ò ní parọ́ fún yín: ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó kọ́kọ́ yíjú kúrò ná. Lẹ́yìn náà àánú ṣe é, nítorí iṣẹ́ ọdún kan gbáko ló ń bọ́ sílẹ̀ yẹn.

Lórí igi tirẹ̀, ẹ̀ka kan péré ló tanná, ẹ̀ka tó já ewé rẹ̀ lọ́jọ́ ìbẹ̀rù. Ó gé e, ó fi síwájú fọ́tò Đạc.

"Ẹ wò ó. Èyí tí ẹ̀rù bà mí sí nìyí."

Ìgbà yẹn gan-an ni òtútù tòótọ́ dé, tòun ti òjò wínníwínní rẹ̀. Ìrudi Lụa pa ẹnu dé. Wọ́n pupa, wọ́n sanra, wọn ò sì là. Nílé gbogbo, àwọn èèyàn ń fi ewé wé ìrẹsì ọdún, àmọ́ Lụa kò rí ààyè. Láràárọ̀ ló ń gbé kẹ́tù àtijọ́ yẹn, ó ń bu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí ìdí igi, wọ́n sì ń sọ kiri pé ó ti ń wẹ igi bí ọmọ tuntun. Ó ká a lára. Bí igi yìí bá kọ̀, ọgbọ́n tó dá yóò di ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu wọn, oko Đạc yóò sì lọ.

Khoan ló dé, ó di èèpo ìrẹsì sẹ́yìn alùpùpù rẹ̀ lápò-lápò.

"Mi ò wá ràn yín lọ́wọ́ o. Èèpo yìí ló kún ilé mi, mi ò ríbi dà á sí."

Lụa ṣí ẹnu àpò kan wò. "Kí lo wá fẹ́ fi ṣe?"

"Iná rẹ̀ kì í jó fòfò, ó kàn ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Tèmi ti rẹ̀ dànù, ẹ̀gbọ́n. Bí tiyín náà bá kọ̀, ojú gbogbo wa ló máa tì níwájú àwọn baba ńlá."

Wọ́n to èèpo náà yí igi ká, wọ́n finá sí i, wọ́n ta ọ̀rá lé e lórí bí àgọ́ kí ooru má bàa jáde. Èéfín ta wọ́n lójú. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọsàn wẹ́wẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, Miên ló ṣí ọ̀rá. Ó bọ́ sẹ́yìn kí ìyá rẹ̀ lè rí i. Igi náà ti là látòkè délẹ̀, ó pọ́n débi pé ara ọ̀rá gan-an pọ́n. Lụa bú sẹ́kún, ẹkún ayọ̀ ni.

Wọ́n hú igi náà tòun ti gbòǹgbò àti yẹ̀pẹ̀ rẹ̀, wọ́n so ó mọ́ ọ̀pá; ọkùnrin méjì ló máa ń gbé e. Àwọn ẹbí ti yan ọmọ Khoan mọ́ bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Lụa ti bẹ̀rẹ̀, ó ti fi èjìká sí iwájú. Khoan mú ẹ̀yìn láìjiyàn. Báyìí ni wọ́n ṣe gba àárín abúlé kọjá, àwọn tó káàánú rẹ̀ sì jáde wá sẹ́nu ọ̀nà wọn.

Bàbá Chẩn, olórí ẹbí, na ọ̀pá rẹ̀, ó yí igi náà po.

"Ìgbà ayé Đạc, a máa ń wá ìrudi tó là nínú wọn. Lónìí mò ń wá èyí tí kò là." Ó yíjú sí àwọn ẹbí. "Oko wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín."

Nígbà tí tùràrí jó tán, Khoan wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lụa. Òdòdó wà nínú irun rẹ̀, kò sì mọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó rẹ ohùn sílẹ̀, "lọ́dún tó ń bọ̀, ọjọ́ wo la máa já ewé?"

Lụa ṣa òdòdó náà kúrò lórí rẹ̀.

"Wá máa mu tíì lọ́dọ̀ mi. Ọjọ́ tí mo bá dìde, kó o dìde."