Bàtà Ṣọ́jà Geum-ok

Ó ti sú mi láti máa gbọ́ pé ìran tó sọnù ni ìran wa. Bí ìwé àti sinimá ṣe ya àwa tí a jẹ́ ọ̀dọ́ ní Seoul lẹ́yìn ogun, iṣẹ́ mẹ́ta péré ni a mọ̀: kí a mutí, kí a jó ijó òyìnbó, kí a sì kú. Irọ́ ni. Mo mọ ọmọbìnrin kan, Pyo Geum-ok.

Ilé kọfí kan ní àdúgbò Myeongdong ló ti ń gbé ife fún àwọn oníbàárà. Ogun ti pa òbí rẹ̀. Bàtà ṣọ́jà tó tóbi jù ú lọ ló ń wọ̀, àpá iná sì wà ní àgbọ̀n rẹ̀. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, èmi àti òun a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí. Kò sí ohun mìíràn tí ó fẹ́ láyé ju iṣẹ́ náà lọ.

Òǹkọ̀wé kan, Bong, tí gbogbo wa ń pè ní Tíṣà láti fi bọ̀wọ̀ fún un, ti sọ ilé kọfí náà di ọ́fíìsì. Kọfí kan ṣoṣo tí wọ́n fọ́ pupa ẹyin sí ni yóò fi jókòó láti àárọ̀, tí yóò máa kọ ìtàn tí ìwé ìròyìn ń tẹ̀ jáde lójoojúmọ́. Ọmọbìnrin inú ìtàn náà ń bá ọkùnrin kiri. Ó wọ bàtà ṣọ́jà, àpá sì wà ní àgbọ̀n rẹ̀.

Ọ̀gá obìnrin ilé-ẹ̀kọ́ wa kà á, ó sì pe Geum-ok. "Àwọn èèyàn ń ráhùn. Ta ló máa jẹ́ kí irú ẹ gbẹ̀bí òun? Tí ọ̀sẹ̀ yìí bá ti parí, má wá mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, mo bá a lọ sí ilé kọfí. Ó gbé ife síwájú Bong.

"Geum-ok, ẹyin mi dà?"

"Ó ti sọnù, Tíṣà. Ó bá ìran wa lọ."

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ni mo ṣe ẹ́, ọmọ yìí?"

"Wọ́n fẹ́ lé mi nílé-ìwé nítorí ìtàn yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin yẹn ríṣẹ́ gidi ṣe."

"Iṣẹ́ kẹ̀! Ta ló fẹ́ ka ìyẹn? Ọ̀la ló máa kó sódò Han."

"Ṣé kò mọ̀wẹ̀ ni?"

"Ọ̀dọ́ ìsinsìnyí tí kò kú, ta ló máa gbà á gbọ́?"

"Èmi tí mò ń gbé kọfí yín wá ńkọ́, òkú ni mí?"

Ẹyin rẹ̀ ni Bong tún bèèrè.

Lóòótọ́ ló rì ọmọbìnrin inú ìtàn náà sódò. Ó kọ ọ́ pé bàtà ọmọ náà nìkan ni wọ́n bá létí omi, gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn tó bá fẹ́ bẹ́ sódò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìwé ìròyìn gbé e jáde, Geum-ok bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá wa bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n kò fi í síbẹ̀. Ó gbé e wọlé, ó gbé e ka orí tábìlì.

"Mà, ẹni tí ẹ ní kó má wá mọ́ ti kú sódò. Bàtà ẹ̀ nìyí. Ẹ fọwọ́ kàn án, ó gbẹ. Òun ni mo wọ̀ wá sí kíláàsì."

Ọ̀gá wa wo bàtà, ó wo àpá.

"Gbé ìdọ̀tí yìí kúrò lórí tábìlì mi. Kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀."

Nígbà tí wọ́n fi ìtàn náà ṣe sinimá, gbogbo ìlú sunkún. Mo ní kí a lọ wò ó. Geum-ok ń di àpò ìgbẹ̀bí rẹ̀ lọ́wọ́.

"Obìnrin kan ń rọbí lẹ́yìnkùlé ọjà," ló wí. "Ta ló ráyè lọ wo òkú ara ẹ̀?"