Àwa Mẹ́sàn-án ní Òkè-Ìlá

Mo rántí ìgbà tí gbogbo kíláàsì kẹta wa ò ju ẹni mẹ́sàn-án lọ, ní sẹ́kọ́ńdìrì ìjọba kékeré kan ní Òkè-Ìlá, l'Ádó-Èkìtì. Àwọn tó rí já jẹ ti kó ọmọ wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ní àdúgbò Adébáyọ̀. Àwa tó ṣẹ́ kù ni ọmọ télọ̀ àti ọmọ mẹkáníìkì tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, ọmọ àwọn Aládùúrà, àti ọmọ àgbẹ̀. Màdáámú, ọ̀gá àgbà wa, ló ń fúnra rẹ̀ kọ́ wa ní ìṣirò. Kò síbi téèyàn lè sá pamọ́ sí; bí o kò bá mọ̀ ọ́n, Màdáámú á dúró tì ọ́ títí o ó fi mọ̀ ọ́n.

Ìròyìn wá dé pé ọ̀gá kan ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ètò-ẹ̀kọ́ láti wá ka orí wa. Bí a kò bá pọ̀ tó, wọ́n á ti ilé-ẹ̀kọ́ wa pa, wọ́n á sì kó wa lọ sí ibi tó jìnnà. Àyà mi já, torí ìyá mi ti là á mọ́lẹ̀: "Èmi ò lówó ọ̀kadà o. Bí wọ́n bá ti ulé ẹ̀kọ́ yìí, ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lò ń lọ." Bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ dà.

Ni èmi ọlọ́gbọ́n bá gbé ọgbọ́n mi dé. Àwọn aládàáni ti gba ìsinmi, mo bá yá ọmọ wọn mẹ́fà ládùúgbò, mo wọ̀ wọ́n ní yúnífọ́ọ̀mù àtijọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n wa. Màdáámú bi mí pé ta nìwọ̀nyí. Mo ní ọmọ tuntun ni.

Ọ̀gá wọlé, gbogbo wa dìde. Àwa kí i: "Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ káàbọ̀!" Háà! Àwọn ọmọ àyálò mi fi orin Òyìnbó tí wọ́n fi ń kí àlejò níléèwé wọn kí i ní tiwọn, wọ́n sì dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn nínú rẹ̀ ketekete. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Tèmi ò lo ìṣẹ́jú kan.

Mo bọ́ síwájú. "Sà, èmi ni mo yá wọn. Màdáámú ò mọ̀."

"Yéè!" ni Màdáámú ké. "Ọmọ yìí ti pa mí!"

Ọ̀gá ní kí àwọn ọmọ àyálò máa lọ sílé. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ìṣirò sí ojú pátákó, ó ń pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán la ṣe é, kódà ọmọ mẹkáníìkì tó ń kólòlò. Màdáámú gbórí sókè: "Sà, bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Bí gbogbo wọn bá yege nínú ìdánwò tó ń bọ̀, n kò ní fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ yìí pa."

A kàwé bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nígbà tí èsì jáde, kò sẹ́ni tó fìdí rẹmi nínú wa. Màdáámú jó yí pápá ká, ìyá mi sì sunkún ayọ̀ lójú gbogbo èèyàn.

Nọ́ọ̀sì ni mí lónìí, ilé-ẹ̀kọ́ náà sì ṣì wà níbẹ̀. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ bá ń yangàn nípa ilé-ẹ̀kọ́ ńlá tí wọ́n lọ, èmi náà á ní gbogbo sẹ́ẹ̀tì tiwa ló yege, kò ku ẹnì kan. N kì í dúró kí wọ́n bi mí pé mélòó ni wá.