Ẹ̀bùn Ẹ̀gbọ́n Ọkọ Nínú Kọ̀ǹpútà

Ìwé kẹrin ni mo kà dé kí n tó bọ́ sọ́jà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wá bi mí bí wọ́n ṣe ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ohun tí mo fojú rí ni mo fẹ́ sọ.

Òkírìkà ni mò ń tà ní Mọ́níyà nígbà náà. Àbúrò mi obìnrin ló gba ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi, ó ń fi kọ̀ǹpútà àti pírintà tẹ ìwé fún àwọn èèyàn. Kọ̀ǹpútà náà ti gbó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Tókunbọ̀ ni, ó wúwo bí àpò ẹ̀gẹ́. Bí wọ́n bá tàn án, kí ẹ lọ ra ẹ̀kọ kí ẹ padà dé, á ṣì máa ronú. Ṣùgbọ́n òun ló ń gbọ́ bùkátà àbúrò mi. Ilé ìwé girama kan lọ́nà Ìṣẹ́yìn ni oníbàárà rẹ̀ gidi, òun ló ń bá wọn tẹ ìbéèrè ìdánwò ní ìparí táàmù.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ìdánwò ku bí ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé. Wọ́n gbé ẹ̀bùn wá: pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ewé kan tí wọ́n pè ní sáùǹdì káàdì, tó máa jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọrin. Wọ́n fọwọ́ ara wọn tú ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, wọ́n ki pátákó náà bọ inú rẹ̀, wọ́n sì kó dẹ́rẹ́bà rẹ̀ sí i láti inú dísìkì. Wọ́n ní gbogbo ohun tí èèyàn bá kì bọ inú kọ̀ǹpútà ló ní dẹ́rẹ́bà tirẹ̀ tó ń darí rẹ̀.

"Kọ̀ndọ́ ńkọ́?" ni mo bi wọ́n. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí kọrin, àwọn èèyàn ń wá wò ó. Láti àárọ̀ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ á ti jókòó, wọn á máa fi orin ṣe àlejò. Ó dára. Àfi pé láti ọjọ́ náà ni pírintà ò ti tẹ ìwé délẹ̀ mọ́. Á tẹ ìlà méjì, á dákẹ́. Á tún tẹ àwọn àmì kan tí kì í ṣe Yorùbá, tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, tí ààfáà àdúgbò wa náà wò tó ní kì í ṣe Lárúbáwá.

Àwọn ará ọjà ní wáyà ni. Àbúrò mi wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, ó ra wáyà tuntun. Pàbó. Wọ́n ní eruku ni. Aṣọ tó mọ́ jù nínú bélì òkírìkà mi ni mo fi nù ún. Pàbó. Ẹ̀gbọ́n ọkọ fúnra wọn ní pírintà ló ti darúgbó, ká jù ú nù.

Ìdánwò wá ku ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀gá ilé ìwé ránṣẹ́ pé bí ìbéèrè ò bá dé ọwọ́ òun láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ìbàdàn ni òun á máa gbé iṣẹ́ òun lọ láti ìsinsìnyí.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n ọkọ lọ kírun Jímọ̀. Mo wọlé tọ àbúrò mi, mo bá a níbi tó ti ń wo ìwé kékeré tó bá ẹ̀bùn náà wá nínú páálí. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti mọ ohun tó ń ṣe é."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ kejì tí wọ́n ki nǹkan yẹn bọ̀ ọ́."

Ó ṣàlàyé fún mi. Pírintà ní nọ́ńbà tó fi ń ké sí kọ̀ǹpútà, méje ni. Káàdì tí wọ́n gbé wá náà, méje ni tirẹ̀. Bí nọ́ńbà méje bá ti ké, kọ̀ǹpútà ò mọ ẹni tí yóò dá lóhùn. Ìyẹn yé mi láìwo ìwé. Olórí ọjà wa ti pín ojú ìsọ̀ kan fún obìnrin méjì rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n fa ara wọn láṣọ ya, oníbàárà kankan ò rí nǹkan rà.

"O ti mọ̀ látọjọ́ yìí, o wá ń ra wáyà kiri?"

"Ṣé kí n wá sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pé ẹ̀bùn wọn ló ba iṣẹ́ mi jẹ́ ni? Ìyàwó ilé ni mí o. Ṣé kí n tú u kúrò níṣojú wọn ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí. Iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹni, ó ń wo ojú ẹ̀gbọ́n ọkọ! Èmi tí mò ń rẹ́rìn-ín náà rèé, ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi wọ bàtà tí ìyá ọkọ mi rà fún mi, ó sì há mi lẹ́sẹ̀.

Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ìyàwó ilé tiwọn. Nígbà tí wọ́n ti mọ́sálásí dé, wọn ò tíì jókòó tán tí mo fi sọ̀rọ̀.

"Àna mi, káàdì yín àti pírintà ń jà sí nọ́ńbà méje."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwé yín ni. Ẹ kà á, èmi ò mọ̀wé."

"Ìyẹn ni pé ohun tí mo rà ò dára?"

"Ó dára. Ìjókòó tí ẹ fún un ló ti lẹ́ni."

Wọ́n wo àbúrò mi. Àbúrò mi ń wolẹ̀. Wọ́n ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n bọ́ agbádá, wọ́n tú kọ̀ǹpútà. Ike dúdú kékeré kan wà lára pátákó náà, kò ju hóró ìrẹsì lọ, ojú nọ́ńbà méje ni wọ́n fi sí. Wọ́n fi èékánná yọ ọ́, ó jábọ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fi orúnkún wá a nílẹ̀ ká tó rí i. Wọ́n wá fi sí ojú nọ́ńbà márùn-ún tí kò lẹ́ni.

Bí a ṣe tan kọ̀ǹpútà, pírintà han, ó tẹ odidi ojú ìwé kan: ìbéèrè ìṣirò, kò sí àmì burúkú kan níbẹ̀. Káàdì ló wá yadi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ní dẹ́rẹ́bà ṣì ń wá a lọ sí méje, kí àwọn pa kọ̀ǹpútà kí àwọn yí i sí márùn-ún, kò ní pẹ́. Wọ́n na ọwọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń pa á.

Àbúrò mi kúnlẹ̀. "Bùrọ̀dá mi, ẹ forí jì mí. Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́ tán ná. Bí a bá pa á báyìí, mi ò mọ̀ bóyá á tún gbà. Iṣẹ́ mi ni, sà."

Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e níyàwó, mi ò gbọ́ kó ní kí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ dúró rí. Wọ́n dúró. Wọ́n wo ìwé tó ń jáde, wọ́n tún wo òun.

"Kí ni kí n bá ọ ṣe, ìyàwó wa?"

"Ẹ bá mi ya etí ìwé yẹn tó ní ihò, sà."

Wọ́n ń fa etí oníhò tí pírintà fi ń wọ́ ìwé wọlé ya kúrò títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n tún padà wá fà á lọ́jọ́ kejì. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí agogo ilé ìwé tó lù, àbúrò mi ti gbé páálí ìbéèrè ka orí tábìlì ọ̀gá.