Iná Tí Wọ́n So Mọ́ Ajá Ọmọ Mi Lọ́rùn

Kí n tó sọ̀rọ̀ iná yìí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí ajá náà ń ṣe, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti ṣìnà.

Ìyá ọkọ mi ló fún wa ní ajá náà. Ajue ni màmá ń gbé, nínú oko kòkó tí bàbá ọkọ mi fi sílẹ̀ kí wọ́n tó kú. Nígbà tí mo bí ọmọkùnrin mi, tí mo gbé e lọ fi han màmá, bí mo ṣe gun ọ̀kadà tán tí mo fẹ́ máa padà sí Ore níbi tí à ń gbé ni wọ́n gbé ọmọ ajá kan lé mi lẹ́sẹ̀. Abo ni, ó pupa bí ilẹ̀ ọ̀nà oko, etí rẹ̀ kan dúró, èkejì tẹ̀.

Mo ní, "Màmá, kí ni kí n fi ajá ṣe?"

Wọ́n ní, "Ta ni yóò máa bá ọ nu ìdí ọmọ? Ọkọ ẹ tí kì í sí nílé?"

Ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ lágbègbè wa mọ ohun tí màmá ń wí. Bí ọmọ bá lóṣòó sí àgbàlá, tó yàgbẹ́ tán, ìyá rẹ̀ á pe ajá. Ajá á palẹ̀ gbogbo rẹ̀ mọ́, á sì lá ìdí ọmọ kí ìyá tó bu omi wá. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á yínmú. Nọ́ọ̀sì tó ń gba ìwọ̀n ọmọ mi náà yínmú. Ó ní kí n rí i pé mo fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ dáadáa lẹ́yìn náà, mo sì ń fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún ẹnikẹ́ni: lẹ́yìn tí mo bímọ tán, mi ò rí olùrànlọ́wọ́ tó dà bí ajá yẹn. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ èrò lọ sí Benin, bó bá dé lónìí, ó ti lọ lọ́la. Àwọn tó ní àwọn á máa wá bá mi gbé ọmọ wá títí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, wọ́n jẹ ìrẹsì tán, wọ́n lọ. Ajá ló dúró.

Ara rẹ̀ ni ọmọ mi ti kọ́ ìrìn. Á di irun ẹ̀yìn ajá mú, ajá á sì máa gbé ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ru omi kún orí. Nígbà tí ọmọ máa lanu sọ̀rọ̀, kò pe màmá, kò pe dádì. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni "Gbà!", nítorí bí mo ṣe máa ń pe ajá nìyẹn, "Gbà, gbà, gbà!" Ó dùn mí díẹ̀. Mo gbé e lóṣù mẹ́sàn-án, ajá ló kọ́kọ́ pè. Ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ó wá ku ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Inú ilé kan náà la jọ ń gbé, yàrá tiwọn wà níwájú, tiwa wà lẹ́yìn. Fóònù ni wọ́n ń tún ṣe ní ìkòríta. Láti ọjọ́ tí ajá ti wọlé, wọn ò ju òkèlè kan sí i rí. Ẹ̀bà tó ṣẹ́kù nínú abọ́ mi ló ń jẹ, omi tí mo fi ṣan ìkòkò ọbẹ̀ ló ń mu. Bí ajá bá ṣàìsàn, èmi ni. Bí eégbọn bá kún un létí, èmi ni mò ń já a. Ṣùgbọ́n nígbà tí bùrọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í wo fídíò àwọn òyìnbó tó ń kọ́ ajá, ó di pé wọ́n ń ti ọwọ́ bọ àpò rìn yí àgbàlá ká bí ọ̀gá ọlọ́pàá.

"Ajá yìí ò ní ẹ̀kọ́ kankan," wọ́n á ní, wọ́n á mi orí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni wọ́n gbé páálí kékeré kan wọlé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Bẹ́líìtì dúdú kan ló wà nínú rẹ̀, irin kéékèèké méjì yọ jáde níbi tó máa kan ọrùn, ó dà bí eyín. Rìmóòtù kan wà pẹ̀lú ẹ̀.

"Ìyàwó, wá wo nǹkan."

"Kí lèyí, bùrọ̀dá?"

"Ẹ̀kọ́ ni. Ọrùn ajá la máa so ó mọ́. Bó bá ṣe ohun tí kò dáa, mo tẹ bọ́tìnì yìí, iná á gbé e. Díẹ̀ báyìí ni o, kì í pa á. Àwọn òyìnbó ń lò ó."

"Àwọn òyìnbó náà ń ra ẹran inú agolo fún ajá wọn. Ṣé ẹ ra ìyẹn mọ́ ọn?"

"Ìwé mẹ́wàá tí o kà yẹn ló ń dà ọ́ láàmú," wọ́n ní. "Ẹnu ẹ ti mú jù."

Bátìrì ni nǹkan náà ń lò, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa gba iná sí i. Lákòókò yẹn, a ò rí iná ìlú lò rárá. Mi ò rí iná fi lọ aṣọ, fóònù mi ń kú lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n lálaalẹ́, bùrọ̀dá á tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n á gba iná sí bẹ́líìtì ajá, wọ́n á sì pa jẹnẹrétọ̀. Iná tí èèyàn ò rí nínú ilé wa, ọrùn ajá ló wà.

Gbígbó ni wọ́n kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ajá gbó ẹni tó ń kọjá lọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹranko náà fò sókè, ó ń yí po, ó ń wá ohun tó bù ú jẹ lọ́rùn. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí à ń sin ajá fún bí kò bá ní gbó. Àwọn ọlọ́kadà tó máa ń dúró síwájú ilé wa ti pé jọ wòran.

"Ọ̀gá, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, mi ò rí i dáadáa!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ra ọ̀kan, ìyàwó mi ni mo fẹ́ so ó mọ́ lọ́rùn."

Mo ní, "Ìyàwó ẹ ló yẹ kó di rìmóòtù mú, ìwọ tó o máa ń ya ilé ọlọ́tí kó o tó délé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, bùrọ̀dá náà rẹ́rìn-ín. Bùrọ̀dá tí ò lè mú oníbàárà fóònù tó jẹ wọ́n lówó, ọwọ́ wọn ti wá tẹ ẹni tó gbọ́dọ̀ gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu.

Mo lè fara da gbogbo ìyẹn. Èyí tí mi ò lè fara dà ló ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọmọ mi lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá omi, ó ṣe tirẹ̀ tán, mo pe "Gbà!" Ajá sáré dé, ó ń ju ìrù. Bó ṣe fi ẹnu kan ìdí ọmọ báyìí ni bùrọ̀dá tẹ̀ ẹ́ látorí ìjókòó wọn níwájú ilé, pákò ṣì wà lẹ́nu wọn.

"Ajá gidi kì í jẹ ìgbẹ́!" wọ́n pariwo.

Ajá ké. Lẹ́yìn tó ké tán, kò wo iwájú ilé. Ọmọ mi ló wò. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó sì ń fi ẹ̀yìn rìn. Báwo ló ṣe máa mọ ẹlòmíì tó fìyà jẹ ẹ́? Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jókòó sọ́ọ̀ọ́kán, ó ń run pákò. Ọmọ ló wà níwájú rẹ̀.

Mo lọ bá wọn. Mo kúnlẹ̀ pàápàá, nítorí ẹ̀gbọ́n ọkọ ni wọ́n. "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ ìyẹn mọ́. Ajá rò pé ọmọ ló ta òun. Lọ́jọ́ kan ó máa gbẹ̀san lára ọmọ."

"Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ajá?"

"Mi ò kọ́ yín. Èmi ni mò ń fún un lóúnjẹ, mo mọ̀ ọ́n."

"Ṣé wàá máa bá mi jiyàn? Ìgbẹ́! Nínú ilé tí mò ń gbé!"

Ilé tí wọ́n ń gbé. Wọn ò gbálẹ̀ ibẹ̀ rí.

Mo pe ọkọ mi lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni, fi wọ́n sílẹ̀, ó máa sú wọn." Kò sú wọn. Mi ò pe ajá mọ́, èmi ni mò ń fi ewé kó ìgbẹ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ò gbà pé iṣẹ́ ajá ti parí. Bó bá ṣe tán, òun fúnra rẹ̀ á yíjú, á pe "Gbà!" pẹ̀lú ayọ̀, ajá á sì dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ àga gbọọrọ, gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, kódà lọ́jọ́ tí bùrọ̀dá ò sí nílé. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ mi kọ́kọ́ sọ láyé ti di ohun tí ajá ń sá fún.

"Ṣé ẹ rí i?" bùrọ̀dá ń sọ fáwọn ọlọ́kadà. "Ó ti ń kọ́!"

Ọjọ́ tó burú dé lọ́sàn-án. Mo ń di búrẹ́dì tí mo fẹ́ gbé lọ tà ní ẹ̀bá títì. Ọmọ mi mú ègé kan, ó rá wọ abẹ́ àga lọ bá ajá. Mo gbọ́ ọ tó ń ní, "Gbà, gbà." Mo yíjú. Ajá rọra na ọrùn sí búrẹ́dì náà, mo rí i tí ìrù rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan. Inú mi ti fẹ́ dùn. Bùrọ̀dá tó jókòó síwájú ilé rí i pé ajá ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ ọmọ, ohun tí fídíò wọn ní kò dáa, wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Ọwọ́ ọmọ mi ló bù jẹ.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé abẹ́ àga. Mo fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ náà, ọmọ ń ké, ẹ̀jẹ̀ ń bá omi lọ. Mo pọ̀n ọ́n, ọlọ́kadà tó máa ń wòran gbé wa lọ sí ọsibítù láìbéèrè owó. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Nọ́ọ̀sì ní kí n má jẹ́ kí wọ́n pa ajá náà: kí a so ó mọ́lẹ̀, kí a máa ṣọ́ ọ, bó bá ṣàìsàn kí a tètè wá sọ.

Nígbà tí mo padà délé, ẹlẹ́ran ajá ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú okùn àti àpò ọ̀rá. Ní tiwa níbí, ajá tó bá ti ṣẹ̀ kì í jìnnà sí ìkòkò ọbẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì ní kí a má pa á," mo ní.

"Ó ti bu ọmọ jẹ," bùrọ̀dá dáhùn. "Ọ̀rọ̀ ti parí. Ọmọ tìrẹ mà ni! Ó yẹ kó o dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Mo lọ síbi tí wọ́n so ajá mọ́. Mo tú bẹ́líìtì náà lọ́rùn rẹ̀. Níbi tí irin méjèèjì máa ń kàn, irun ti tán, ara ibẹ̀ ti bó. Mo di bẹ́líìtì náà mú, irin rẹ̀ kan àtẹ́lẹwọ́ mi, mo sì na ọwọ́ sí bùrọ̀dá.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́."

"Kí lò ń wí?"

"Díẹ̀ báyìí ni, kì í pani. Bí ẹ ṣe sọ nìyẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí èmi náà lẹ́kọ̀ọ́."

Rìmóòtù wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n wo ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn mi pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́.

"Ìyàwó, fi nǹkan yẹn sílẹ̀ jàre. Ó lè ṣe ọ́ léṣe."

Ẹlẹ́ran ajá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá! Ṣé ẹ ò sọ pé díẹ̀ ni?" Ó ká àpò rẹ̀. "Ẹ máa pè mí bí ẹ bá parí ìjà yín. Èmi, bí mo bá fẹ́ pa ajá, mo máa ń pa á lẹ́ẹ̀kan ni."

Ajá ò ṣàìsàn. Lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì ní ọ̀rọ̀ ti tán, màmá ti Ajue wá gbé e. Mo ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọn ò bá ọmọ wọn jà. Wọ́n kàn wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní, "Ìyá ìyá àgbà ajá yìí ló nu ìdí tìẹ. Ó yẹ kí n ti ra rìmóòtù nígbà yẹn." Wọ́n gbé ajá lé ẹsẹ̀ lórí ọ̀kadà, bí wọ́n ṣe gbé e lé mi lẹ́sẹ̀ níjọ́ tí a mú un bọ̀.

Títí dòní, bùrọ̀dá ṣì ń sọ ní ìkòríta pé àwọn kọ́ ajá kan débi pé kò fẹnu kan ìgbẹ́ mọ́ nínú ilé àwọn. Òótọ́ ni. Wọ́n ti ta bẹ́líìtì náà fún ẹlòmíì, wọ́n sì sọ fún un pé ó ń ṣiṣẹ́ gan-an.

Nígbà ìkórè kòkó tó kọjá, èmi àti ọmọ mi lọ sí Ajue. Ajá ti sanra, irun ti hù bo ọrùn rẹ̀. Àwọn ọmọ àwọn àlejò tó ń bá màmá dáko wà níbẹ̀. Ìyá ọ̀kan nínú wọn pè é, ó sáré lọ, ó lá ìdí ọmọ náà, ó ń ju ìrù. Ọmọ mi rí i. Ó ti tó máa wọ ṣòkòtò fúnra rẹ̀, kò nílò ẹni tó máa nu ìdí rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó pariwo, "Gbà!"

Ìrù ajá wálẹ̀. Ó lọ dúró sẹ́yìn ibi tí wọ́n ń sá kòkó sí.

"Màmi, ó ti gbàgbé mi ni?"

"Rárá," mo ní. "Kò gbàgbé ẹ."

Mo gba búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀, mo fi lélẹ̀ láàárín àwa àti ajá. Mo ní kó má pè é, kó má nawọ́ sí i. A padà sẹ́yìn, a jókòó sórí igi. Ajá ń wo búrẹ́dì, ó ń wo ọmọ. A ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí màmá pè wá pé oúnjẹ ti ń tutù.