Télọ̀ tí Ẹ̀rù Àlùmọ́gàjí Ń Bà

Ẹni tó bá ń wá ẹni tí àlùmọ́gàjí ń bà lẹ́rù, kó má ṣe wulẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọmọ kékeré. Ọ̀dọ̀ télọ̀ ni kó lọ. Mo ní télọ̀ o, ẹni tó ti ń fi àlùmọ́gàjí jẹun látìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri. Tún-un-wọ̀n ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ẹ má sì rò pé wọ́n ń kì í ni. Bó bá wọ̀n ọ́ tán, á tún ọ wọ̀n. Bó o bá ti dé ẹnu ọ̀nà, á pè ọ́ padà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún èjìká yẹn wò."

Lọ́jọ́ kan báyìí ló gé ṣòkòtò ọ̀gá iléèwé kan kúrú. Ọkùnrin náà wọ̀ ọ́ lọ síwájú àwọn ọmọ, àwọn ọmọ sì ń bi ara wọn bóyá odò ni ọ̀gá fẹ́ là kọjá. Ṣòkòtò kan ṣoṣo! Ẹlòmíì á bẹ oníbàárà rẹ̀, á rán òmíì fún un, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ti Tún-un-wọ̀n ò tán. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Látọjọ́ náà, bó bá ti mú àlùmọ́gàjí dání, àyà rẹ̀ á máa lù kì-kì-kì, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á tutù. Kó má bàa gé aṣọ kúrú mọ́, ó wá ń fi àlékún aṣọ sínú gbogbo ojú rírán, ó ń ṣẹ́ ẹ sínú. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń gbé aṣọ kejì kiri nínú aṣọ àkọ́kọ́, ooru ń mú wọn, wọn ò mọ ohun tó ń ṣe wọ́n.

Ìgbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo fẹ́ ṣègbéyàwó ni ọ̀rọ̀ wá le. Ọmọ náà kó aṣọ funfun wá, irú èyí tí wọn kì í rà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Bàámi, ẹ̀yin lẹ máa rán an. Mi ò fẹ́ ẹlòmíì."

Inú bàbá dùn dé góńgó. Ó wọ̀n ọmọ rẹ̀, ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Ibẹ̀ ló dúró sí. Bí kò bá wọ̀ ọ́ ńkọ́? Bó bá ya lójú àwọn àna ńkọ́? Bí ìyàwó bá tẹ etí aṣọ mọ́lẹ̀, tó ṣubú, tí ọkọ ní òun ò ṣe mọ́ ńkọ́? Níbi tó jókòó sí, ó ti tú ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ká, ó ti dá ìyàwó padà sílé pẹ̀lú ẹrù, bẹ́ẹ̀ aṣọ ò tíì kúrò lórí tábìlì.

Àdúgbò gbọ́, olùdámọ̀ràn sì ya bo ṣọ́ọ̀bù. Onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní, "Bàbá Ìyàwó, ẹ má ronú mọ́," bí ẹni pé ìrònú ní ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ pa bí iná. Onígbàjámọ̀ yìí kan náà rèé, eyín ń dùn ún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú, kò sì jẹ́ dé ọ̀dọ̀ dókítà eléyín nítorí ìbẹ̀rù. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó Tún-un-wọ̀n náà dé, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ní, "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Nígbà tiwa, kò sí ohun tó ń jẹ́ àníyàn!" Baba tó jẹ́ pé kó tó sùn, á ti ìlẹ̀kùn, á dìde lọ tì í wò, á tún rán ìyàwó rẹ̀ lọ tì í wò.

Ìyàwó Tún-un-wọ̀n ni kò ní àyè ìmọ̀ràn. Ó ní, "Bó bá fi di ọjọ́ Ẹtì tí aṣọ yìí ṣì wà lórí tábìlì, màá gbé e sọdá títì fún Kíákíá."

Áà! Kíákíá kẹ̀? Télọ̀ tí apá ọ̀tún àti apá òsì aṣọ rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà! Ẹni tó yẹ kí ẹ̀rù máa bà ló ń sùn hanrun yẹn.

Àyà wá bẹ̀rẹ̀ sí í dun Tún-un-wọ̀n. Ó gba ilé ìwòsàn lọ, ó ti múra sílẹ̀ de àìsàn ńlá. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó sì ro ti aṣọ orí tábìlì fún wọn, nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, ọkàn yín ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àníyàn ló ń dà yín láàmú."

Ẹ ò bá rí i bó ṣe fajú ro! "Àníyàn lásán?"

"Kì í ṣe lásán, sà. Ara yín rò pé ẹkùn ló wà lórí tábìlì yẹn, ó ń múra àtisá. Ẹ má bá a jà. Ẹ fa èémí sínú, ẹ jẹ́ kó rọra jáde. Wíwọ̀n tí ẹ ń tún wọ̀n yẹn, oúnjẹ lẹ fi ń fún ẹ̀rù. Ẹ̀rù ò sì ní kọ́kọ́ lọ kẹ́ ẹ tó gé aṣọ yẹn. Kó jókòó tì yín, ẹ máa ṣiṣẹ́ yín lọ."

Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọ̀rọ̀ gidi fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà, á rí ẹ̀rù yọ nínú rẹ̀. Mímí gan-an wá di iṣẹ́. Ó ń pe ìyàwó rẹ̀: "Gbọ́ èyí wò. Ṣé ó pẹ́ tó?"

"Èémí tẹ́ ẹ ti ń mí látọjọ́ tí wọ́n ti bí yín, ẹ wá ń béèrè bí wọ́n ṣe ń mí i?"

Kàkà kí ewé àgbọn rọ̀, ńṣe ló ń le sí i. Ó tún pe ọmọ rẹ̀ kó wá gbé apá sókè. Ọmọ náà fà sẹ́yìn, ó káwọ́ mọ́ra. "Bàámi, ẹ ti wọ̀n mí tó! Nọ́ọ̀sì ní kẹ́ ẹ má wọ̀n ọ́n mọ́." Omi lé sójú rẹ̀. Bàbá rò pé ìbínú ni.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Ìyàwó rẹ̀ ká aṣọ, ó fi há abíyá, ó kọjú sí títì. Láti ojú fèrèsé, Tún-un-wọ̀n rí Kíákíá lódìkejì, téèpù lọ́rùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Nǹkan gún un láyà, èyí kì í ṣe ẹ̀rù, ìtìjú ni. Ọmọ òun sọ pé òun ò fẹ́ ẹlòmíì!

"Gbé e padà wá!" Ó pariwo débi tí onígbàjámọ̀ fi gbójú sókè.

Ó tẹ́ aṣọ. Ó fa èémí, kò sì bi ẹnikẹ́ni bóyá ó pẹ́ tó. Ó ti àlùmọ́gàjí bọ aṣọ, ó sì ń gé e lọ lórí àmì gẹ́lẹ́, láìfi àlékún kankan sí i. Ẹ̀rù ò kúrò níbẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n aṣọ ń gé. Nígbà tó parí, ó fìdí lélẹ̀ ó sunkún ayọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti di olùdámọ̀ràn: ó ń kọ́ onígbàjámọ̀ bí wọ́n ṣe ń mí.

Ó rán aṣọ náà, ó dán gbinrin. Ọmọ wá wọ̀ ọ́ wò. Ó wọ yàrá, ó pẹ́. Ìyá wọlé tọ̀ ọ́, òun náà pẹ́. Nígbà tí wọ́n jáde, síìpù ti dé ìbàdí, síìpù ní òun ò lọ sókè mọ́. Tún-un-wọ̀n wo síìpù, ó wo ikùn ọmọ rẹ̀. Télọ̀ ni, ó mọ ohun tí sísanra jẹ́, ó sì mọ ohun tí kì í ṣe sísanra.

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ta ló mọ̀ sí i?"

Ìyá mọ̀. Ọkọ ìyàwó mọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mọ̀. Onígbàjámọ̀ mọ̀. Kíákíá pàápàá mọ̀, torí wọ́n ti ní kó bá wọn gé e gbàgẹ̀rẹ̀.

"Èmi wá ńkọ́?"

Ìyàwó rẹ̀ jókòó. Kò sí ìpẹ̀gàn kankan lóhùn rẹ̀. "Ta ló máa sọ fún yín? Ọmọ ní orí ń fọ́ òun, ẹ ò sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo ṣubú ní balùwẹ̀, mo ní ẹsẹ̀ ló kàn wúwo. Ó pẹ́ tá a ti ń gba ẹ̀yìn yín gbé nǹkan kọjá nínú ilé yìí. A ní àlékún yín á gba oyún náà, a ò mọ̀ pé ìgbà yìí lẹ máa gbà pé ẹ wọ̀n ọ́n tọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Gbogbo ìṣọ́ tó ń ṣọ́ ilé rẹ̀, òun nìkan ni àlejò níbẹ̀.

Ó wo aṣọ tó há mọ́ ọmọ rẹ̀ lára. Ohun tó ti ń bẹ̀rù látọjọ́ yìí wá ló dúró níwájú rẹ̀ yẹn, lójú ayé báyìí, kì í ṣe nínú orí. Ó sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i. Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ tó bá ti jẹ́ ọlọ́pọlọ mọ̀ ọ́n: wọ́n á tú ẹ̀gbẹ́, wọ́n á fi aṣọ tó ṣẹ́kù kún un. Àyà rẹ̀ ń lù. Ó na ọwọ́ sí abẹ tí wọ́n fi ń tú òwú.

Ọmọ rẹ̀ di apá rẹ̀ mú. "Bàámi, ẹ ò ní dákú?"

"Màá dákú tó bá yá. Bọ́ aṣọ yẹn ná, kí n tú u."