Irinṣẹ́ Ni Mo Kọ, Ìbọn Ni Bàbá Ọdẹ́tókun Gbé Dé

Láti Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi tí ẹ ń kà yìí ti di oníbọn.

Kì í ṣe àwàdà. Orúkọ mi wà nínú ìwé àwọn ọlọ́pàá gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ìbọn ṣakabùlà kan, ẹlẹ́nu gígùn. Èmi! Èmi tí mo máa ń tilẹ̀kùn mọ́rí tí àwọn ọmọ àdúgbò bá ń yin bángà nígbà Kérésì. Ẹ bá mi yọ̀, àbí kí ni ká ti ṣe é?

Mo fẹ́ fẹnu ara mi rò ó fún yín, nítorí mo ti gbọ́ oríṣi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní Dùgbẹ̀, àti pé nínú ọ̀kan, wọ́n ní mo fẹ́ dojú ìjọba bolẹ̀.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé akọ̀ròyìn ni mí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe é ní Ìbàdàn yìí. Mo ti kọ ìròyìn iná, mo ti kọ ti àgbàrá, mo ti kọ ti àwọn olóṣèlú tó ṣèlérí títì. N kò di ìròyìn fúnra mi rí.

Ohun tó fà á ni pé àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ wa gbé àbádòfin kan dìde. Wọ́n ní kí ọdẹ àti àgbẹ̀ tó bá ti forúkọ sílẹ̀ lè máa gbé ìbọn ṣọ́ oko. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, n ò ní fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Olè ń fi mọ́tò kó irè oko, ajínigbé ń bẹ lọ́nà, ẹ̀rù ń ba àgbẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé àbádòfin náà lé lọ́wọ́ wá ní àwọn fẹ́ gbọ́ tẹnu ará ìlú ní gbọ̀ngàn kan ní Ring Road.

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà, obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Àlàájà, pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí o. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ lẹ́tà ìpè yìí, àwọn bàbá ọdẹ ò ní gbọ́ ọ. Ẹ bá mi sọ ọ́ di Yorùbá. Ta ló tún mọ Yorùbá tó yín?"

Ta ló máa gbọ́ irú ìyẹn tí orí rẹ̀ ò ní wú?

Orí mi wú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi ṣe é, lórí ìdúró, níbi tí mo ti ń dúró de mọ́tò ní Challenge. Lẹ́tà òyìnbó náà ní kí olúkúlùkù mú gbogbo "relevant instruments" rẹ̀ dání. Kí ni instrument? Irinṣẹ́ ni! Ọmọ praimárì mọ̀ ọ́n. Mo kọ ọ́ wàràwàrà: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú gbogbo irinṣẹ́ tó jẹ mọ́ iṣẹ́ yín dání." Mo tún un kà, ó dùn létí. Mo fi ránṣẹ́.

Ta ló sọ fún mi pé lẹ́nu àwọn lọ́yà, instrument kì í ṣe irinṣẹ́? Ìwé ni! Láísẹ́ǹsì ìbọn, ìwé ẹgbẹ́, ìwé oko. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ibo lẹ wà lọ́jọ́ náà?

Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ Ọjọ́rú, mo dé ẹnu géètì gbọ̀ngàn náà, mo bá èrò. Bàbá kan tó wọ gbérí ọdẹ dúró láàárín wọn, ó gbé nǹkan gígùn kan tí wọ́n fi ìró àǹkárá wé mọ́ra. Ọlọ́pàá mẹ́ta yí i ká, wọ́n ń rìn bí ẹni tó ń rìn lórí ẹyin.

"Bàbá, ẹ rọra gbé e sílẹ̀," ìnsipẹ́kítọ̀ tó jẹ́ ọ̀gá wọn sọ.

"Kí n gbé e sílẹ̀ kẹ̀? Ìjọba ló ní kí n gbé e wá."

"Ìjọba wo ló ní kẹ́ ẹ gbé ìbọn wá sípàdé?"

Bàbá ti ọwọ́ bọ àpò, ó fa lẹ́tà yọ. "Kà á sókè, ọmọ mi, kí gbogbo ayé gbọ́."

Ìnsipẹ́kítọ̀ kà á. Nígbà tó dé "irinṣẹ́ tó jẹ mọ́ iṣẹ́ yín," ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

Bàbá ní, "Ọdẹ ni mí. Kí lẹ rò pé mo máa mú wá, ṣíbí?"

Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ géètì ní a tiẹ̀ ríre, kì í ṣe ẹni tó ń wa katapílà ni wọ́n kọ lẹ́tà sí. Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni kò lè rẹ́rìn-ín. Mo mọ gbólóhùn náà bí èèyàn ṣe ń mọ igbe ọmọ rẹ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún ọmọ.

Orúkọ bàbá náà ni Bàbá Ọdẹ́tókun. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Abúlé kan lẹ́yìn Òjóò ni wọ́n ti wá, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ oko àgbàdo fún gbogbo àgbẹ̀ abúlé náà láti bí ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n ní nínú Máíkírà tí àwọn wọ̀ láti Òjóò, kò sẹ́ni tó bá àwọn jà lórí àyè ìjókòó.

Ṣé àwọn ọdẹ yòókù kò gba lẹ́tà ni? Wọ́n gbà á. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé àwọn rí ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ náà, àwọn sì mọ̀ pé àṣìṣe ni. "Ṣùgbọ́n Bàbá yìí," ó ní, "tí ìjọba bá ní kí wọ́n mú nǹkan wá, wọ́n á mú un wá ni."

Ìnsipẹ́kítọ̀ dájọ́. Ó ní Bàbá lè wọlé, ìbọn ò lè wọlé, àti pé kí ẹnì kan tó ní káàdì ìdánimọ̀ wá fọwọ́ sí i pé ìbọn wà ní géètì. Bàbá ní kí wọ́n wo láísẹ́ǹsì àwọn tó wà nínú ọ̀rá. Ìnsipẹ́kítọ̀ ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Ẹ̀rí ọkàn ti ń gún mi. Mo ní èmi á fọwọ́ sí i. Ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì, fìlà ìnsipẹ́kítọ̀ sì bo òkè ojú ìwé náà. Mo kọ orúkọ mi, mo fọwọ́ sí i, mo tún kí i pé ó kú iṣẹ́. Ẹ fi fìlà yẹn sọ́kàn.

A wọlé. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Dáre, ará Bódìjà, olórí ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú láti ní ìbọn. Kóòtù rẹ̀ ń dán, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó fi ogójì ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀ nípa Amẹ́ríkà. Ó ní níbẹ̀, ẹ̀tọ́ ni ìbọn, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ ẹni. Nígbà tí alága ìgbìmọ̀ bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ti yìnbọn rí, ó ní òun ti wo fídíò rẹ̀ dáadáa.

Obìnrin kan dìde lẹ́yìn rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ará Àgbówó. Ìyẹn ò sọ ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. "Mo bọ̀wọ̀ fún ọdẹ. Àwọn ló ń ṣọ́ àdúgbò wa. Ṣùgbọ́n ìbọn tẹ́ ẹ ní oko ló máa wà, ṣé arọ ni, tí kò ní lè rìn dé Àgbówó? Ẹ ní kí ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ gbé e. Olè ló máa kọ́kọ́ tò síwájú!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, títí kan àwọn ọdẹ.

Ó kan Bàbá Ọdẹ́tókun.

"Èmi ò bá tíṣà jà, òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìbọn tèmi, bàbá mi ló fi sílẹ̀ fún mi, ó sì níwèé. N ò yìn ín sí èèyàn rí. Òkè ni mo máa ń yìn ín sí, olè á sá, ó parí. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣòfin yìí tán, tí ọlọ́pàá wá dá mi dúró lójú ọ̀nà, ṣé orúkọ yín ni kí n dá?"

Alága rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ìbéèrè tó dáa gan-an ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó pe ẹni tó kàn.

Nígbà tí a ti lò tó wákàtí mẹ́rin, lọ́yà obìnrin kan láti Òkè-Àdó nawọ́ sókè. Ó ní kí àwọn Ọnọ́rébù má bínú, ṣùgbọ́n nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa, ìjọba àpapọ̀ nìkan ló lè ṣòfin lórí ìbọn. Kò sí ìpínlẹ̀ kankan tó lágbára ẹ̀.

Alága gbé gíláàsì omi, ó mu ún. Ó ní, "A mọ̀. A kàn fẹ́ gbọ́ èrò yín ni."

Wọ́n mọ̀ o! Wákàtí mẹ́rin!

Bàbá tẹ̀ sí etí mi. "Ṣé obìnrin yẹn ní wọn ò lágbára ẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Wọ́n sì mọ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.

Wọ́n dìde. "Ó dáa. Ká lọ gba ìbọn wa."

Ìbọn wa! Wọn ò mọ̀ pé àsọtẹ́lẹ̀ làwọn ń sọ.

Nígbà tí a dé géètì, iṣẹ́ ìnsipẹ́kítọ̀ ti parí. Ó ti gbé ìbọn àti ìwé lọ sí àgọ́ wọn. A tẹ̀ lé e débẹ̀. Ọlọ́pàá obìnrin kan ló wà ní káńtà.

"Ta ló ni ìbọn?"

"Èmi ni," Bàbá dáhùn.

Ó ṣí ìwé. "Kì í ṣe orúkọ yín ló wà níbí." Ó pe orúkọ mi. "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, ṣùgbọ́n..."

"Láísẹ́ǹsì yín dà?"

"N ò ní."

"Ẹ ní ìbọn, ẹ ò ní láísẹ́ǹsì?"

"N ò ní ìbọn!"

Ó yí ìwé náà sí mi. Ibi tí fìlà bò láàárọ̀ ti wà gbangba báyìí. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni "Ẹni tó ni ẹrù."

Bàbá yọ láísẹ́ǹsì tiwọn nínú ọ̀rá, wọ́n tẹ́ ẹ sórí káńtà. Obìnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò tinútẹ̀yìn. "Ìwé yìí dáa gan-an, Bàbá. Ìbọn yín wá dà?"

"Òun ló wà lẹ́yìn rẹ yẹn!"

"Rárá o. Ìyẹn ti akọ̀ròyìn ni."

Ṣé ó yé yín? Bàbá ní ìwé, wọn ò ní ìbọn. Èmi ní ìbọn, n ò ní ìwé. Wọn ò lè gbé e fún Bàbá torí kì í ṣe tiwọn, wọn ò sì lè gbé e fún mi torí ó jẹ́ tèmi. Mo wo ojú Bàbá. Bàbá wo tèmi.

"Akọ̀ròyìn," wọ́n ní, "o kú oríire."

Lọ́jọ́ kejì, mo pe Àlàájà. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Irinṣẹ́ kẹ̀, ẹ̀gbọ́n!" Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Ó ní ìgbìmọ̀ lè kọ lẹ́tà àlàyé, ṣùgbọ́n alága ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, alága sì ti rìnrìn àjò torí ilé aṣòfin ti lọ ìsinmi. Mo pe Ọ̀gbẹ́ni Dáre, ajà-fún-ẹ̀tọ́-oníbọn. Ṣé ẹ rí i, mo ní ẹni tí wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ rèé. Ó ní ìlànà ni ẹgbẹ́ àwọn ń jà fún, kì í ṣe ìbọn kan pàtó.

Ẹ máa gbọ́ o.

Lọ́jọ́ Sátidé mo lọ sí abúlé Bàbá. N ò lè fi ibẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Àgbàdo ti yọ irun, irun ọ̀hún sì ti ń gbẹ. Àwọn olè ti gbọ́ pé ìbọn ò sí mọ́. Wọ́n ti wọ etí oko lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá ń fi igi lu páànù láti fi lé wọn. Ọ̀kan nínú àwọn àgbẹ̀ sọ ọ́ lójú wọn, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀, pé kí wọ́n má bínú, tó bá pẹ́ jù, abúlé á wá ọdẹ mìíràn. Ọgbọ̀n ọdún! Ìyàwó wọn fà mí sẹ́yìn ilé, wọ́n ní láti Ọjọ́rú ni Bàbá ti ń wo ara ògiri níbi tí ìbọn máa ń wà, tí oúnjẹ wọn kì í tán mọ́.

Bàbá ò bú mi. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Wọ́n ní, "Ìwọ lo kọ lẹ́tà yẹn, àbí?" Mo ní èmi ni. Wọ́n ní Yorùbá rẹ̀ dáa.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Bí wọ́n bá ní ẹ̀yin lẹ mọ Yorùbá jù, ẹ bi wọ́n pé òyìnbó wọn ńkọ́, ta ló mọ̀ ọ́n? Ọ̀rọ̀ tó bá rọrùn jù nínú ìwé òfin, ẹ bẹ̀rù rẹ̀. Bí fìlà ọlọ́pàá bá wà lórí ìwé, ẹ ní kó jọ̀wọ́ gbé fìlà rẹ̀, ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni wọ́n ti sọ ohun tí kò ní rí di tirẹ̀ láàárín yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kí n má baà nìkan dá jẹ ìtìjú yìí.

Ní àná, ọjọ́ Mọ́ńdè, èmi àti Bàbá jọ lọ rí ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá náà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní kí n lọ búra ní kóòtù pé ìbọn kì í ṣe tèmi. Mo ní mo ti ṣe tán. Ó ní lẹ́yìn ìyẹn, àwọn á ní láti wádìí ìdí tí mo fi kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé tèmi ni, kí n mú oníduró méjì dání. Mo ní ìyẹn náà, mo gbà. Ó ní tí lẹ́tà ìgbìmọ̀ bá dé, tí olú iléeṣẹ́ àwọn sì fọwọ́ sí i, Bàbá á gba ìbọn wọn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ó yíjú sí Bàbá, ó bi wọ́n tìfẹ́tìfẹ́ pé ìgbà wo ni àgbàdo wọn máa gbó.

Bàbá ní ó ti gbó.