Orúnkún Mi Ń Sọ̀rọ̀

Èéfín bò mí lójú, omi ń dà lójú mi, ṣùgbọ́n mi ò dẹ́kun ẹja yíyí. Ẹja kéékèèké ni, a tò wọ́n sórí wáyà tó bo ẹnu àgbá epo tí wọ́n gé sí méjì. Bí òróró wọn bá kán sínú iná, á dún ṣáá, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Ìyá àgbà tó ni àgbá náà jókòó sórí àpótí ní apá ibi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń fẹ́ wá, èéfín kì í dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Ó jẹ́ kí n yí ẹja dé ìlà tó kẹ́yìn kó tó ní kí n sọ ohun tí mo wá sọ kí òun gbọ́.

Mo fi ọwọ́ lé ìbàdí, mo fa ẹnu gùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Gẹ̀ẹ́sì Monrovia bí a ṣe máa ń sọ ọ́ nílé wa láti fi pa ara wa lẹ́rìn-ín. Mi ò tíì dé ìdajì tó fi gbé ọwọ́ sókè.

Ó ní, "Ta lò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́?"

Mo sọ ọwọ́ kalẹ̀ kúrò ní ìbàdí.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, a ò sì tíì pé ọdún kan tí a ti Abẹ́òkúta dé Monrovia, olú ìlú Làìbéríà. Bàámi ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní Freeport, èbúté ọkọ̀ ojú omi ìlú náà, màámi ń ta aṣọ lọ́jà. Yàrá méjì la háyà ní New Kru Town, ògiri kan ló wà láàárín àwa àti ìyá àgbà yìí. Ọmọ ẹ̀yà Kru ni. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Ol' Ma, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá tó ti dàgbà níbẹ̀, àwa náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún yẹn, pásítọ̀ wa fẹ́ ká fi eré obìnrin ará Samáríà létí kànga ṣe ọdún Àjíǹde. Ó fẹ́ kí obìnrin náà máa sọ̀rọ̀ bí obìnrin ọjà Monrovia gan-an, torí pé ọmọ ìlú ni ìdajì ìjọ, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ohùn àlejò gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Èmi ni wọ́n fún ní ipò obìnrin náà, torí pé ẹsẹ Bíbélì kì í sọnù lórí mi. Bàámi ni wọ́n ní kó ṣe Jésù, torí irùngbọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ Freeport kò jẹ́ kó bá wa dán eré náà wò rárá.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a dán eré náà wò, àwọn ọmọ Nàìjíríà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú. Àwọn ọmọ ìlú ò rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan nínú àwọn akọrin dìde, ó mú báàgì rẹ̀, ó gba ilé lọ. Pásítọ̀ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní bí mi ò bá lè sọ ọ́ kí àwọn tó ni ohùn náà gbọ́ ara wọn nínú rẹ̀, òun á fagi lé eré náà, torí òun ò ní fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run bú ẹnikẹ́ni. Ohun tó gbé mi dé ìdí àgbá ẹja nìyẹn.

Ol' Ma ò lé mi. Ó ní kí n máa bọ̀ lójoojúmọ́ tí mo bá ti dé láti ilé ìwé, ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko mi ò gbọdọ̀ la ẹnu mi. Mò ń ṣẹ́ igi, mò ń yí ẹja, mò ń gbọ́. Àwọn oníbàárà á wọlé, wọ́n á béèrè pé, "How da day?" Ol' Ma á ní, "I trying small," bí ẹni pé òun àti ọjọ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jà tán ni. Wọ́n á gbé ìparí ọ̀rọ̀ mì, ohùn wọn á ga díẹ̀, á tún rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi lórí ìgbì.

Lọ́sẹ̀ kejì ó ní kí n máa tajà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Bí àgbàlagbà bá ti wọlé, màá kọ́kọ́ kúnlẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé, ohùn mi á sì rẹlẹ̀ bí ti ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Àwọn oníbàárà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń béèrè bóyá àdúrà ni mò ń gbà sí ẹja.

Ol' Ma wò mí fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kẹrin ló wá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹnu rẹ ti ń dé ọ̀dọ̀ wa bọ̀. Orúnkún rẹ ló ṣì ń sọ ti Nàìjíríà."

Ó dìde, ó bu ẹja kún bàsíà, ó gbé e rù mí. Ó ní kí n máa tà á bẹ́ẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé. Ẹni tó ru ẹrù ò lè kúnlẹ̀. Ọrùn mi dúró ṣánṣán, àgbọ̀n mi gbé sókè, ohùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti àyà mi. Ní òpópónà kẹta, ìyá kan ná ọjà mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹni tó ti mọ̀ mí tipẹ́. Kò wò mí lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ Àjíǹde, mo ru ìkòkò wọlé, ara mi balẹ̀. Àmọ́ obìnrin náà gbọ́dọ̀ sọ ìkòkò kalẹ̀ kó lè fa omi. Bí mo ṣe sọ ọ́ kalẹ̀, bàámi ló jókòó níwájú mi, nínú aṣọ funfun, ó ní kí n fún òun lómi mu. Ní ọdún mọ́kànlá tí mo ti dáyé, mi ò dá bàámi lóhùn ní ìdúró rí. Orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ láti kúnlẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo rí Ol' Ma, tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, lórí àga tó kẹ́yìn. Obìnrin akọrin náà wà nílà kejì, ó ká ọwọ́ méjèèjì láyà.

Bàámi rí orúnkún mi. Ó rọra sọ fún mi, ní Yorùbá tí ẹlòmíì ò lè gbọ́, pé, "Dìde dúró, ọmọ mi. Dá mi lóhùn."

Mo na ara mi. Mo wò ó lójú. Mo ní, "Eh, my man. You Jew man. Da me you asking for water?"

Obìnrin tó ká ọwọ́ láyà náà tú u, ó sì dáhùn láti ìjókòó rẹ̀ pé, "Ask him, my sister." Láti ibẹ̀, gbogbo ìlà ló ń gbè mí lẹ́sẹ̀, bí ìgbà tí obìnrin ọjà bá ń rojọ́ fún ẹgbẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí a parí, mo sáré lọ sẹ́yìn, mo kúnlẹ̀ fún Ol' Ma lórúnkún méjèèjì. Kò dá mi dúró lọ́tẹ̀ yìí. Ó jẹ́ kí n kí i tán, ó fà mí dìde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń bọ àgbà lọ́wọ́ ní Monrovia, tí ìka àwọn méjèèjì á fi ta pa níparí. Tèmi ò dún. Ó tún un ṣe títí tó fi dún.

Ọlọ́run ti pè é sílé, òkun sì ti gba ẹ̀yìnkùlé náà, àgbá àti gbogbo rẹ̀. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ wa ní eré báyìí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó fi mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin ẹ̀yà Bassa kan, ọmọ Làìbéríà, tí a fún ní ipò ìyá ará Nàìjíríà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi ní ELWA Junction, ní Monrovia níbí. Ó fa ẹnu, ó ń sọ̀rọ̀ bí màámi, àwọn tó wà níbẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé ta ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú tì í.

Mo gbé aṣọ fún un kó máa ká. Ọ̀sẹ̀ kan ni kò ní sọ̀rọ̀. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mo máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀.